Ínṣọ́ránsì Tí A Rà Fún Ọlọ́pàá Kò Tó Fún Bọ́ọ̀sì Wa

Owó bọ́ọ̀sì iṣẹ́ pápá tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ń dá fún ẹ̀ka wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí nípàdé tó kọjá, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí: a lo nǹkan bíi wákàtí kan lórí ọ̀dà tí a máa kùn ún, a tún pẹ́ lórí orúkọ tí a máa kọ sí i lára. Nígbà tó kan ínṣọ́ránsì, ẹnì kan ní ká ra third party ₦15,000, ká fi í sínú pátíkúlà ọkọ̀, kí ọlọ́pàá má baà dá wa dúró. Gbogbo ilé ní ó dára bẹ́ẹ̀, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo lòdì sí i, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ akápò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Hiace tòkúnbọ̀ ni. Wọ́n máa yọ ìlà àga méjì tó wà lẹ́yìn, wọ́n á fi ibùsùn méjì tó ṣeé ká síbẹ̀, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ tì fún àwọn ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, bátìrì àti ínfátà, àti páńẹ́lì sólà lórí. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ pápá ní Àkókó, níbi tí èdè ti ń yí padà láti ìlú kan sí èkejì, mọ ìdí tí a fi nílò rẹ̀. Iná kì í sí láti fi ṣáàjì ẹ̀rọ, òtẹ́ẹ̀lì jìnnà, bàbá tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ sì lè ní ká padà wá ní ìdájí kí òun tó lọ sóko.

Lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlú Ọba, campervan ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ yìí, ínṣọ́ránsì tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Kódà DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kì í kọ "motor caravan" sínú ìwé ọkọ̀ bí kò bá sí ibùsùn, tábìlì àti ibi ìdáná nínú rẹ̀, tí ìrísí rẹ̀ lóde kò sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe ni ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń pè é ní "van with windows", tó sì ní láti ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì. Níhìn-ín ńkọ́? Lórí àwọn fọ́ọ̀mù tí mo rí, kò sí ibi tí a lè fàmì sí fún un. Private wà, commercial wà, staff bus wà. Nítorí náà, kí a tó béèrè pé èló ni, ó yẹ ká béèrè pé kí ni ọkọ̀ yìí. Àwa tí a fi ọdún mẹ́rin kọ́ nípa ìtumọ̀ kò yẹ kó fojú kékeré wo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Adójútòfò ni àwọn oníròyìn ń pe ínṣọ́ránsì. Ẹ tú u wò: ohun tó ń dójú ti òfò. Orúkọ náà wù mí púpọ̀, ó dára ju ọ̀rọ̀ àyálò tí gbogbo wa ń lò lọ, ṣùgbọ́n kò sọ òfò ta ni. Nínú third party, àwa tí a ra ìwé ni ẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ ni ẹnì kejì, ẹni tí a bá kọlù ni ẹnì kẹta. Òfò ẹnì kẹta yìí nìkan ni ìwé náà ń dójú tì. Láti oṣù kìíní 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti gbé owó third party ọkọ̀ private láti ₦5,000 sí ₦15,000, tí wọ́n sì fi ₦3,000,000 ṣe òdiwọ̀n ohun tí a lè san lórí dúkìá ẹni tí a bà jẹ́. ₦20,000 ni ti staff bus, òdiwọ̀n kan náà ló ní. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì lónìí, kí ẹ sọ fún mi mélòó nínú wọn ni mílíọ̀nù mẹ́ta máa tún iwájú rẹ̀ ṣe. Ohun tó bá lé, àwa la máa wá a. Bí bọ́ọ̀sì wa bá sì ya wọ kòtò lọ́nà Ìkàrẹ́ láìkọlu ẹnikẹ́ni, ìwé náà kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí olè bá gbé e tàbí tí iná jó o, bákan náà ni.

Mo mọ̀ pé ọlọ́pàá ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025 ni wọ́n ti kéde pé àwọn yóò máa mú ẹni tí kò ní third party, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà ti wà tipẹ́. Kò burú. N kò ní ká rú òfin. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ra ínṣọ́ránsì nítorí ọlọ́pàá, ìwé ìkọjá ló rà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń ra ayédèrú, torí kò ní ìdí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní ìkànnì kan tó ń jẹ́ askNIID: tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ síbẹ̀, wàá rí i bóyá ìwé rẹ wà lóòótọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún akápò wa pé ká máa lò ó ná, ká san tó bá yá. Bí owó kò bá tíì wọlé, ínṣọ́ránsì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀sì ní àwọn máa fi ọkọ̀ náà háyà fún àwọn ẹ̀ka mìíràn lópin ọ̀sẹ̀, kí owó epo lè máa wọlé. Èrò gidi ni lójú ẹni tó ń wá owó. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan máa ń wà nínú ìwé ínṣọ́ránsì ọkọ̀ private, ní ibi tí lẹ́tà ti ń kéré sí i, tó ń sọ ohun tí a lè lo ọkọ̀ fún. Lílò ti ara ẹni àti ìgbafẹ́ wà níbẹ̀. "Hire or reward" ni wọ́n máa ń yọ kúrò, ìyẹn ni pé ẹni tó bá gbé èrò gba owó ti jáde kúrò lábẹ́ ìwé náà. Ẹ wò ó: bọ́ọ̀sì kan náà, dírẹ́bà kan náà, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ kan náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwa la wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọmọ ẹ̀ka mìíràn tó sanwó ló wà níbẹ̀. Ti ọjọ́ Ẹtì wà lábẹ́ ínṣọ́ránsì, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta kò sí. Olùkọ́ wa ní pragmatics á fẹ́ràn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí: wọ́n gbà pé inú ìlò ni ìtumọ̀ wà, wọ́n sì fi owó tì í lẹ́yìn.

Kò sì tán síbẹ̀. Owó tí àwa fúnra wa máa ń dá nígbà ìrìn-àjò ńkọ́? Bí a bá jọ dá owó epo, ìyẹn ṣe é ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n "transport fare" ni wọ́n ń kọ sórí rìsíìtì wa láti ọdún yìí wá. Ọjọ́ tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, rìsíìtì yẹn ni ẹni tí kò fẹ́ sanwó máa kọ́kọ́ béèrè. Lójú tèmi, ọ̀nà méjì péré ló wà: ká sanwó ínṣọ́ránsì ọkọ̀ tó ń ṣòwò, tàbí ká má fi bọ́ọ̀sì náà háyà rárá. Èkejì ni mo fara mọ́. Bọ́ọ̀sì tó bá ń ṣiṣẹ́ owó lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló máa wà lọ́jọ́ tí kíláàsì bá fẹ́ lọ sí pápá.

Orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé? Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ ààrẹ ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ náà kí ó lè yá. Ààrẹ wa ṣeé gbára lé, ṣùgbọ́n ó ń bá wa jáde lọ́dún yìí, ọkọ̀ náà á sì wà níbí. Ẹni tí òfò máa dé bá gan-an ló yẹ kó ra ínṣọ́ránsì. Kí a fi orúkọ yunifásítì rà á, tàbí ti ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa bí wọ́n bá ti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Yóò fi wá falẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó fi wá falẹ̀.

Àwa fúnra wa ló sì gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù náà. Òfin Adójútòfò ti 2003, tí tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní 2025, ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù gbangba pé ẹjẹ́ǹtì tó bá bá ọ kọ ọ́, ìwọ ló ṣe é fún. Bí ó bá kọ "private bus, kò sí àtúnṣe kankan", ìwọ lo kọ ọ́. Nítorí náà kí ibùsùn, ínfátà, bátìrì àti páńẹ́lì sólà wà lórí fọ́ọ̀mù náà ní ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn, kí orúkọ àwọn tó máa wà á náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tí kò tíì kú. Bí wọ́n bá torí ẹ̀ fi owó kún un, kí wọ́n fi kún un.

Ẹ̀rù owó ló ń ba gbogbo ènìyàn, ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Comprehensive ló ń tún ọkọ̀ tiwa náà ṣe, third party sì wà nínú rẹ̀. NAICOM ní kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọkọ̀ tó. Ká ní Hiace wa tó ₦18,000,000, ₦900,000 nìyẹn lọ́dọọdún. Ó pọ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́ta ẹ̀gbọ́n bá pín in, ₦15,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye kan náà tí a fẹ́ fi ra ìwé ìkọjá. Third party tó ní iná àti olè nínú wà láàárín, owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Mo lè gbà á fún ọkọ̀ tó ti gbó. Fún ọkọ̀ tí ènìyàn mélòó kan fi owó oṣù wọn dá, n kò gbà á. Bí apá wa kò bá ká ₦900,000, a jẹ́ pé apá wa kò ká Hiace mílíọ̀nù méjìdínlógún. Ká ra èyí tó kéré sí i. Ẹ má sì jẹ́ ká sọ pé mílíọ̀nù mẹ́wàá ló tó kí owó ọdọọdún lè dín, torí wọn kò ní san ju iye tí a bá pè é lọ.

Comprehensive pàápàá kì í ṣe gbogbo nǹkan. Excess wà, ìyẹn iye tí àwa máa kọ́kọ́ gbé nínú gbogbo àtúnṣe. Àgbàrá àti ìjà ìgboro lè má sí nínú rẹ̀ bí a kò bá béèrè. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í ṣe ara ọkọ̀, wọ́n nílò ínṣọ́ránsì tiwọn. Àwa tí a jókòó sínú ọkọ̀ náà ńkọ́? Kí a béèrè iye tí wọ́n máa san lórí èrò inú ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ bá kán, bí ó bá sì kéré, ká ra èyí tó wà fún ìjàm̀bá ara fún gbogbo kíláàsì. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kankan kò ní san ni ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ. Bí olè bá gbé ẹ̀rọ tí ohùn ìyá àgbà kan wà nínú rẹ̀, tí ìyá náà sì ti lọ, ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n lè fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe ẹ̀dà ohùn yín sí ibi méjì lálaalẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè tún wà. Ètò ni pé kíláàsì tó ń bọ̀ máa lọ sí Kétu àti Sábẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bóyá kí wọ́n dé Atakpamé ní Tógò lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Ifẹ̀. Ìwé Nàìjíríà lásán kò tó níbẹ̀. Brown Card ti ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Cotonou ní 1982, ni a máa gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì wa kí a tó lọ. Ẹnì kẹta náà ló wà fún: yóò san fún ẹni tí a bá ṣe léṣe lọ́hùn-ún bí òfin ibẹ̀ ṣe wí. Bí a bá fẹ́ kí bọ́ọ̀sì wa náà wà lábẹ́ ààbò lẹ́yìn Ìdí-Ìrókò, a ní láti sọ fún wọn kí wọ́n fi kún ìwé wa.

Mo ti gba fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta. Mo máa mú wọn wá sípàdé tó ń bọ̀, mo sì máa bẹ alága kí ó jẹ́ ká ka ọ̀kan sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tí lẹ́tà ti kéré, kí a tó padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀dà.