Olùkọ́ Eré Ìdárayá Kì í Ṣe Afọnfèrè Lásán

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ ọlọ́lá tí ẹ máa ń fi ìrọ̀lẹ́ ka ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò ní fi bọpobọyọ̀ bá yín sọ. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, a sì rí i nínú rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ Eré Ìdárayá àti Ìlera tún ti ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti rọ́ ọ sínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀-ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì pe àpapọ̀ wọn ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Mẹ́rin di ẹyọ kan! Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbin irúgbìn mẹ́rin sínú ebè kan: èyí tí ó lágbára jù ni yóò gba oòrùn, àwọn yòókù a sì gbẹ dànù.

A kí ìjọba fún orúkọ tí ó dá padà. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í wọ pápá lọ kọ́ ọmọ. Ta ni yóò kọ́ wọn? Ìbéèrè tí a fẹ́ kí gbogbo olóṣèlú dáhùn nìyẹn, àti tiwa pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹni tí apá rẹ̀ bá yi, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ni ọ̀gá ń fi fèrè kọ́ lọ́rùn. Ìtàn ni ó kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tàbí Ìmọ̀ Bíbélì. Kò ṣe nǹkan, ó ṣáà lè sáré. Níbi tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n a fi àkókò eré ìdárayá parí ìṣirò tí ó ṣẹ́kù láti àárọ̀, tàbí kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde lọ gé koríko, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ti di ṣíṣe. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje ilé pupa àti ilé aláwọ̀ ewé bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbà náà ni ariwo yóò sọ, tí àwọn ọmọ yóò máa yan bí ológun níwájú àwọn òbí. Ọjọ́ kan péré láàárín ọdún! Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀kọ́, àṣehàn ni.

Ewu sì wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS jù lọ ní gbogbo ayé, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣeré. Ó tilẹ̀ dára kí ó ṣeré níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n bí a bá mú un sá eré àsápajúdé nínú oòrùn ọ̀sán láìjẹ́ kí ó mu omi, ìrora eegun lè dá a dùbúlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò jẹ́ kí ọmọ náà sinmi kí ó tó rẹ̀ ẹ́, yóò rí i pé omi wà nítòsí, kò sì ní pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a kàn fi fèrè kọ́ lọ́rùn kò mọ̀. Pàṣán ni yóò nà sí i. Bákan náà ni ti ọmọ tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wa bóyá ọ̀rọ̀ eré ni a ń sọ.

Kí wá ni olùkọ́ eré ìdárayá ń kọ́ tí ó fi ń lo ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ìwé-ẹ̀rí NCE, tàbí ọdún mẹ́rin ní yunifásítì? Àwọn kan rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní dé ìkejìlá. Ẹ gbọ́: ó ń kọ́ bí eegun àti iṣan ṣe so mọ́ra, bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri, àti ohun tí èémí ń ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń yára. Ó ń kọ́ bí ara ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe yàtọ̀ sí ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ń kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́: bí a ṣe ń fi igi di ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ kí a tó gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, àti ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fa ẹni tí ó fi ọrùn balẹ̀ dìde. Oúnjẹ, ìmọ́tótó, àrùn àti bí wọ́n ṣe ń ràn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé eré ìdárayá àti ìlera ni wọ́n jọ ń kọ́ pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni pápá tó kàn. Kò sì tó kí ó mọ eré ṣe. Ó ní láti mọ bí yóò ṣe gé e wẹ́wẹ́ fún ọmọ tí kò ṣe é rí. Ẹ wo fífò sókè. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò na ọ̀pá, yóò ní, “Ẹ fò!” Olùkọ́ tòótọ́ yóò kọ́kọ́ tú yanrìn wò bóyá ìgò fífọ́ wà níbẹ̀, yóò gbé ọ̀pá sí ìsàlẹ̀ tí ẹni tí ó kúrú jù lè fò, yóò ka ìṣísẹ̀ pẹ̀lú wọn, yóò sì kọ́ wọn bí a ṣe ń balẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Kí ó tó gboyè, wọn yóò rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan kí ó lọ kọ́ ọmọ lójú àwọn olùyẹ̀wò. Bí ó bá sì gboyè tán, ó kù kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ àwọn olùkọ́, TRCN. Ṣé afọnfèrè nìyẹn?

A ti gbọ́ èsì àwọn àgbà kan: “Ọmọ tèmi ń kọ ebè, ó ń ru iṣu. Kí ni ó kù tí ẹnìkan yóò máa gba owó ìjọba láti kọ́ ọ ní fífò?” Ẹ̀yin bàbá wa, a kò jiyàn pé oko ń mú ara le. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ́ ń tẹ ẹ̀yìn sí. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ mọ bí ìbàdí ti ń rí nígbà tí ẹ bá nàró ní ìrọ̀lẹ́. Àti pé mélòó nínú àwọn ọmọ yín ni ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko? Ọ̀kadà ń gbé wọn, fóònù ni wọ́n sì ń tẹ̀ bí wọ́n bá délé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 fi ṣe ohun tí yóò mú ara rẹ̀ gbóná. Ìjàkadì, bojúbojú àti ẹkùn-mẹ́ran ni a fi ń ṣe é láyé àtijọ́, olùkọ́ tí ó gbọ́n sì lè kó wọn wọ kíláàsì láìná kọ́bọ̀.

Àwọn ìjòyè ìjọba yóò ní owó kò sí. A mọ orin yẹn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ lé ní 800,000. Olùkọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ ni kò tó. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi sí iwájú kíláàsì, àwọn alátakò sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọn kò torí rẹ̀ pa ètò náà tì. Wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sílẹ̀ káàkiri. Lónìí, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ní ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní yunifásítì wọn, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ń kọ́ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ wà nílé, ó ń ta káàdì fóònù. Ẹ gbà á síṣẹ́!

Ẹ̀bi náà kò sì kan ìjọba nìkan. Bí ọmọ bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé eré ìdárayá ni òun fẹ́ lọ kọ́, ilé a dàrú: “Mo rán ọ níléèwé kí o wá máa sáré kiri?” Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ẹkún ni ìyá yóò bú sí. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ obìnrin gan-an ni a nílò jù, nítorí bí ọmọbìnrin bá ti bàlágà, ojú a máa tì í láti wọ ṣòkòtò eré níwájú olùkọ́ ọkùnrin, a sì pa eré tì. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá 100 mítà orí igi ìdènà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní ọdún 2022. Obìnrin kankan kò tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé àwọn tí ń gé pápá ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. A kò ní dárúkọ ìlú lónìí.

Kí gbogbo akọ̀wé wọ́ọ̀dù wá ṣe iṣẹ́ kan fún wa kí oṣù yìí tó parí. Ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní àdúgbò yín, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ta ni ń kọ́ eré ìdárayá, kí ni ó kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibo sì ni pápá wà. Ẹ kọ èsì náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. A ó gbé e ka iwájú àwọn olùdíje nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò.