‘Ìdínkù’ Kọ́, ‘Gbogbo-Ara’ Kọ́: Orúkọ Ọ̀nà Méjì tí a fi ń Wádìí Ìlera

Ìfáárà

Ọ̀nà méjì kan wà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń wádìí ìlera àti àrùn. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí a tú ohun tí ó díjú palẹ̀, kí a máa wá inú rẹ̀ lọ títí a ó fi kan ohun kékeré tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èyí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní reductionism. Ọ̀nà kejì ni kí a kó àwọn ohun kékeré náà jọ, kí a wo bí ọ̀kan ṣe ń ti èkejì síwájú, bí èkejì ṣe ń fa ẹ̀kẹta sẹ́yìn, kí a sì fi ìṣirò àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mọ ohun tí àjọṣe wọn yóò bí. Èyí ni wọ́n ń pè ní systems biology. Nígbà tí a bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì ní Yorùbá, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu ni ‘ìdínkù’ fún ti àkọ́kọ́ àti ‘ìmọ̀ gbogbo-ara’ fún ti èkejì. Èrò tiwa ni pé orúkọ méjèèjì kò yẹ, àti pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni irú àṣìpè bẹ́ẹ̀ lè ṣì lọ́nà. Ó lè ṣi aláìsàn àti òbí rẹ̀ lọ́nà pẹ̀lú.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ àfẹnusọ lásán, a ó fi àrùn kan tí gbogbo wa mọ̀ ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Àrùn náà ni fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sí orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn yìí tó Nàìjíríà.

Ohun tí ìtúpalẹ̀ ṣe fún wa

Ní ọdún 1910, James Herrick, dókítà kan ní ìlú Chicago, ròyìn àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kò yá: wọ́n tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hemoglóbìn irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Ní 1956 àti 1957, Vernon Ingram tú hemoglóbìn náà sí wẹ́wẹ́ ní Cambridge, ó sì rí i pé ohun kan ṣoṣo ni ó yí padà níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n beta ti hemoglóbìn ní ásíìdì amínò 146. Ní ipò kẹfà, válíìnì ni ó jókòó sí ibi tí ásíìdì glútámíìkì yẹ kí ó wà. Gbogbo ìyókù bára mu.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò dáradára. Egungun ríro, àìtó ẹ̀jẹ̀, ojú pípọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wíwú ọmọ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó ti orí ìpààrọ̀ kan ṣoṣo yìí wá. Èyí kò lè ya onímọ̀ èdè lẹ́nu. Bí a bá yí ohùn kan ṣoṣo padà, ‘ọkọ́’ di ‘ọkọ̀’, ẹni tí a rán pé kí ó lọ mú ọkọ́ wá yóò sì máa wá ọkọ̀ kiri.

Ẹni tí ó bá pe irú iṣẹ́ yìí ní ‘ìdínkù’ ti ṣì í pè. Ohun tí ó bá dín kù ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀: owó a máa dín kù, omi odò a máa dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìmọ̀ wa nípa fòníkú-fọ̀ladìde kò dín kù nígbà tí Ingram tú hemoglóbìn palẹ̀. Ńṣe ni ó pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ Látìn tí ó bí ti Gẹ̀ẹ́sì náà pàápàá kò sọ̀rọ̀ kíkéré. ‘Dídarí padà’ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí onímọ̀ náà ṣe ni pé ó darí àrùn padà sí orísun rẹ̀. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a pe ọ̀nà yìí ní ‘ìtúdépìlẹ̀’, ìyẹn ni pé a tú nǹkan títí a fi dé ìpìlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ yìí sọ iṣẹ́ tí a ṣe, kò sì bú ẹni tí ó ṣe é.

Ibi tí ìtúpalẹ̀ dúró sí

Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí válíìnì ipò kẹfà nìkan kò lè dáhùn. Ọmọ ìyá méjì lè jẹ́ SS, kí wọ́n jọ máa gbé ilé kan náà, kí ọ̀kan máa wọ ilé ìwòsàn lemọ́lemọ́, kí èkejì má sì dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Válíìnì wà ní ipò kẹfà lára àwọn méjèèjì. A jẹ́ pé ibòmíràn ni ìyàtọ̀ wọn ti wá.

Apá kan ìdáhùn náà ti wà nílẹ̀ láti 1948, nígbà tí Janet Watson ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tí ó ní àrùn yìí kì í tètè tẹ̀ bí dòjé. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, irú hemoglóbìn mìíràn ni ara rẹ̀ ń ṣe. Lẹ́yìn ìbí ni ara máa ń fi èyí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa ṣe ti àgbà. Ẹni tí hemoglóbìn ti inú oyún bá ṣẹ́ kù púpọ̀ sí lára, àrùn náà kì í sábà le koko mọ́ ọn. Ní 2008, àwọn onímọ̀ fi hàn pé jíìnì kan tí ń jẹ́ BCL11A wà lára ohun tí ó ń pa hemoglóbìn inú oyún lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe títú hemoglóbìn ni ó kọ́kọ́ tọ́ka sí jíìnì yìí. Wíwo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi lẹ́ẹ̀kan náà nínú DNA àwọn ènìyàn púpọ̀ ni.

Ohun tí ó ń mú ìyàtọ̀ wá kò mọ sí orí jíìnì nìkan. Bí omi ara bá gbẹ, bí òtútù bá mú ni, bí ibà tàbí àrùn mìíràn bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì á túbọ̀ máa tẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, á sì dí ọ̀nà. Ní 1954, A. C. Allison tún fi hàn pé ọmọ tí ó jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Válíìnì kan náà tí ó ń fìyà jẹ SS ni ó ń gba AS là. Bí a tilẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún ọdún tẹjú mọ́ hemoglóbìn nìkan, a kò lè rí èyí nínú rẹ̀, nítorí pé àárín ẹ̀jẹ̀, kòkòrò ibà àti ibi tí ènìyàn ń gbé ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ìwòsàn pàápàá jẹ́rìí sí i. Ní ìparí 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí ń jẹ́ Casgevy. Ìtọ́jú náà kò fọwọ́ kan válíìnì ipò kẹfà rárá. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú kí agbára BCL11A rọlẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kí hemoglóbìn inú oyún lè tún máa jáde. A fi okùnfà sílẹ̀ níbi tí ó wà, a gba ọ̀dọ̀ alájọṣe rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá mọ alájọṣe náà bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́kọ́ tú nǹkan palẹ̀? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀nà méjèèjì ni iṣẹ́ ń bẹ fún.

Wíwo gbogbo ara kò tó

Àwọn kan yóò sọ pé a kò nílò orúkọ tuntun fún ọ̀nà kejì, nítorí pé ohun tí àwọn baba wa ti ń ṣe ni. Wọn yóò tọ́ka sí orúkọ àrùn náà gan-an. Dòjé tí ó wà nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe rí lábẹ́ awò. Fòníkú-fọ̀ladìde ń sọ bí ènìyàn odidi ṣe ń kú lónìí tí ó ń jí lọ́la. Òtítọ́ ni, àkíyèsí àwọn àgbà sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n rírí odidi kò jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú mímọ bí àwọn tí ó wà nínú odidi ṣe ń jọ ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Denis Noble gbé ìṣirò rẹ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì ọkàn jáde ní 1960, kò kàn sọ pé ọkàn jẹ́ odidi. Ó ka iye iná mànàmáná tí ó ń wọlé àti èyí tí ó ń jáde, ó sì fi hàn pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń lù kìkì fún ara rẹ̀. Láàárín wọn ni lílù ọkàn ti ń wá. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè tọ̀nà, ó sì ṣeé já nírọ́. Àwa onímọ̀ èdè mọ èyí nínú ànkóò fáwẹ́lì. Kò sí ohun tí ó ṣe ‘ẹ’, kò sì sí ohun tí ó ṣe ‘o’. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ orúkọ tí a kò ṣẹ̀dá, ‘ẹ’ kì í ṣíwájú ‘o’. Bí a bá tú ‘ẹ’ nìkan wò, a kò ní bá òfin yìí nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ‘gbogbo-ara’ kò fi tọ́. ‘Ètò’ náà kò tó, nítorí pé ‘ìmọ̀ ètò ara’ yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé bí a ṣe to ẹ̀yà ara ni à ń sọ. ‘Ìmọ̀ ìjùmọ̀ṣe ẹ̀dá oníyè’ ni a dábàá; bí ọ̀rọ̀ bá ti mọ́ra, ‘ìmọ̀ ìjùmọ̀ṣe’ ti tó.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ìyá ọmọ

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ìyá tí ó gbé ọmọ SS méjì lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó ń bi nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ti èyí fi le ju ti èkejì lọ?” Bí nọ́ọ̀sì bá dáhùn pé, “Màmá, ẹ̀jẹ̀ ni okùnfà rẹ̀,” kò purọ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè. Bí ó bá sì sọ pé, “Màmá, gbogbo nǹkan ló ń fà á,” ó ti ṣílẹ̀kùn fún ìfura sí orogún àti ìyá ọkọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí ó wà lẹ́nu nọ́ọ̀sì náà. Kí ‘okùnfà’ dúró fún ohun kan ṣoṣo tí àrùn kò lè wà láìsí rẹ̀, kí ‘amúyàtọ̀wá’ sì dúró fún àwọn ohun tí ó ń mú un le tàbí rọ̀. Nígbà náà ni yóò lè sọ pé: “Màmá, okùnfà kan ni, àwọn méjèèjì ló jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀yin àti bàbá wọn. Àwọn amúyàtọ̀wá ló pọ̀. Òmíràn nínú wọn wà lọ́wọ́ yín: ẹ máa fún wọn ní omi mu dáadáa, ẹ má jẹ́ kí òtútù mú wọn, ẹ má fi oògùn ibà tí a kọ fún wọn ṣeré.” Ìyá náà yóò mọ èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, yóò sì mọ èyí tí ó lè ṣe nǹkan sí.

Àgbálọgbábọ̀

Láti 1970 ni ètò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti fi hàn pé Yorùbá gba ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ fún àwa olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a jọ ń lò títí di òní. Ohun kan náà ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ẹ̀kọ́ ìlera. Kí ògbufọ̀ má ṣe wo ojú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ; kí ó kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Bí olùkọ́ kan bá ní orúkọ tí ó sàn ju ‘ìtúdépìlẹ̀’, ‘ìjùmọ̀ṣe’ àti ‘amúyàtọ̀wá’ lọ, kí ó gbé e jáde kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi ṣàlàyé fòníkú-fọ̀ladìde fún ìyá ọmọ, kí ó sì gbọ́ ohun tí ìyá náà yóò tún béèrè.