Pípa Iná Kọ́ Ni Àtúnṣe



Ọ̀rọ̀ iná tó ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù la mú wá lónìí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní check engine.

Àwa mẹ́ta la jọ ń dáwó epo sí mọ́tò tòkunbọ̀ kan tó ń gbé wa wá sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ní Èjìgbò. Lọ́jọ́ kan, iná yìí tàn. Mẹkáníìkì ní ọ̀rọ̀ èéfín ni. Ó pààrọ̀ sẹ́nsọ̀ kan lára páìpù èéfín, ó tú orí bátìrì, ó dè é padà, iná sì kú. Inú wa dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, lójú ọ̀nà Ìwó, iná tún tàn.

A padà lọ. Wọ́n ní kí rìwáyà bá wa yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí ká ta katalísì, ká fi páìpù lásán rọ́pò. Ká sòótọ́, ó kù díẹ̀ ká gbà. Ta ni kò mọ bí owó ṣe rí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́?

Katalísì yìí ló ń dín oró èéfín kù kó tó jáde. Platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a rà. Sẹ́nsọ̀ kan wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn. Bí ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ bá ti fẹ́ jọra, kọ̀ǹpútà mọ́tò á gbà pé katalísì ò ṣiṣẹ́ mọ́, á sì tan iná. Kóòdù P0420 nìyẹn. Títú bátìrì kàn ń mú kọ̀ǹpútà gbàgbé ni. Tó bá tún yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á rí i padà.

Nígbà tí a wá ṣe scan níbòmíràn, P0420 náà ló gbé jáde. Síbẹ̀, katalísì ò bàjẹ́. Ojú ìsopọ̀ páìpù ló ń jò, tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, tó ń ṣi sẹ́nsọ̀ lọ́nà. Wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó parí.

A ò fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Ṣebí àwa la dé ibẹ̀ tí a ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá wa pa iná yìí." Ohun tí a béèrè ló ṣe fún wa. Àwa náà la yarí pé owó scan ti pọ̀ jù, tí a wá ra sẹ́nsọ̀ tí mọ́tò ò nílò. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó pààrọ̀ nǹkan kan láìrí kóòdù tí scan gbé jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba èyí tí wọ́n bá yọ. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tún ṣe scan, kẹ́ ẹ tó ní ó ti tán. Bí iná náà bá sì ń ṣẹ́jú, ẹ wá ibi tó dáa dúró sí: epo tí kò jóná lè máa ba katalísì jẹ́.

Ní ti títa katalísì, NESREA ní òfin lórí èéfín mọ́tò láti 2011. Ká tiẹ̀ ní kò sófin, àwọn tó ń tajà létí títì Èjìgbò ni èéfín wa ń wọ̀ nímú.

Èéfín nìwà. Èèyàn lè yọ gílóòbù, kò lè fi èéfín pamọ́.