ÌBÁLÉ ÀTI ÌWÀ MÍMỌ́

Nígbà tí ìkórè bá parí, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ìgbà ìgbéyàwó dé ní ilẹ̀ Àkókó. Ọ̀nà tí ó ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà a máa kún fún àwọn tí ó wọ aṣọ ẹbí ní ọjọ́ Sátidé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan a máa wà ní ẹnu àwọn ìyá àgbà, tí wọn a máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ sí etí ìyàwó. Ọ̀rọ̀ náà ni ìbálé. Ó yẹ kí ẹni tí ń sọ ọ́ mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kò lò bí ó ti yẹ dà bí oògùn tí a kò wọ̀n: a máa pa ẹni tí ìbá wò sàn.

Èdè pọ̀ ní Àkókó. Ohùn Ìkàrẹ́ kì í ṣe ohùn Ọ̀kà, bẹ́ẹ̀ ni èdè ilé àwọn ará Àrìgìdì yàtọ̀ gédégédé sí ti àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ọjà, ní ilé-ìwé àti ní ilé Ọlọ́run. Nínú Yorùbá yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a sábà máa ń kà sí ọ̀kan: ìbálé, wúńdíá, àti ìwà mímọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Bá àti ilé ni ó wà nínú ìbálé. Àwọn àgbà a máa wí pé ọkọ bá ìyàwó nílé, èyíinì ni pé ọkùnrin kankan kò tíì mọ̀ ọ́n ṣáájú. Kí a kíyè sí i pé ọkọ ni ó bá, ìyàwó ni a bá. Nítorí náà ọmọbìnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń wádìí. A kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá ìyàwó bá ọkọ nílé. Ní ayé àtijọ́, aṣọ funfun ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan aṣọ náà, a ó gbé e lọ hàn àwọn òbí ìyàwó pẹ̀lú ẹ̀bùn àti orin. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ní ibòmíràn a ó fi páálí ìṣáná tí kò kún ránṣẹ́ sí wọn, ìtìjú ńlá sì ni fún ìyá. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀: Deutarónómì orí 22 sọ nípa irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tí a tẹ́ síwájú àwọn àgbà Ísírẹ́lì. Àṣà yìí ní oore tirẹ̀, nítorí ó mú kí òbí ṣọ́ ọmọ, ó sì bu ọlá fún ọmọbìnrin tí ó pa ara rẹ̀ mọ́. Kò yẹ kí a fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Wúńdíá ni ọ̀rọ̀ tí Ìwé Mímọ́ mú wọ gbogbo ilé, láti ìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884, lẹ́yìn làálàá ọdún pípẹ́ ti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni a lò fún ìyá Olúwa nínú àsọtẹ́lẹ̀ Aísáyà. Òun náà ni a lò fún àwọn mẹ́wàá tí ń dúró de ọkọ ìyàwó nínú Mátíù orí 25. Ó dára kí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi dúró díẹ̀ lórí òwe yẹn. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wúńdíá, síbẹ̀ a ti ìlẹ̀kùn mọ́ márùn-ún sóde. Kì í ṣe ìbálé ni wọ́n ṣe aláìní; òróró ni. Bí ó bá ṣe pé ìbálé nìkan tó, gbogbo wọn ni ìbá wọlé.

Ìwà mímọ́ ni ó jinlẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún omi tí ó mọ́ àti fún ọwọ́ tí ó mọ́ náà ni a ń lò fún Ẹ̀mí Mímọ́. Kò mọ akọ, kò mọ abo. Kì í sì í ṣe ohun tí à ń pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó parí. Bí gbígbá ilé ni, ojoojúmọ́ ni à ń ṣe é, ẹni tí ilé rẹ̀ dọ̀tí lánàá sì lè gbá a lónìí. Ta ni ó pa ìwà mímọ́ mọ́ ju Jósẹ́fù lọ ní ilé Pọ́tífárì? Ọkùnrin ni. Àwọn Mùsùlùmí Ìkàrẹ́ pẹ̀lú mọ ìtàn rẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀, Yúsúfù, ni a fi pe orí kejìlá nínú Kùránì. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ náà ìbálé yin Jósẹ́fù.

Níbí ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ òbí wà. Wọn a ṣọ́ ọmọbìnrin lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin bá ń ṣe ìṣekúṣe, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní ọkùnrin ni. Ọmọ ta ni ó ń bá ṣe é? Ọmọ aládùúgbò ni. Àgbẹ̀ tí ó ṣe ọgbà sí ìhà kan oko àgbàdo rẹ̀, tí ó fi ìhà kejì sílẹ̀, ọ̀yà ni ó ń gbìn ín fún.

Ọ̀rọ̀ ìlera sì wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tí a bá nílé lè gba àtọ̀sí tàbí kòkòrò àrùn HIV lọ́wọ́ ọkọ tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè. Àtọ̀sí lè sọ obìnrin di àgàn, ó sì lè fọ́ ojú ọmọ tuntun bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ ní Nàìjíríà ṣe ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí a tó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ wúlò ju ẹ̀jẹ̀ orí aṣọ lọ.

Aṣọ náà kì í tilẹ̀ í ṣe ẹlẹ́rìí òtítọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà ní ojú ara obìnrin kò rí bákan náà lára gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣẹ̀jẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin kò mọ̀ wọ́n rí. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé kò sí àyẹ̀wò tí ó lè fi ìbálé hàn, wọ́n sì ní kí a dẹ́kun rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí ó pa ara wọn mọ́ ni aṣọ ti jẹ́rìí èké sí!

Èyí tí ó burú jù ni ti ọmọ tí a fi ipá bá lò pọ̀, tí a sì ń wí nípa rẹ̀ pé ó ti ba ìbálé rẹ̀ jẹ́. Ohun tí a jà gbà lọ́wọ́ ẹni, kì í ṣe ẹni náà ni ó sọ ọ́ nù. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 13, Támárì kò dẹ́ṣẹ̀. Ámnónì ni ó dẹ́ṣẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé, ó sì ka bíbá ọmọdé lò pọ̀ sí ìfipábánilòpọ̀. Kí òbí tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìdílé. Kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí oògùn tí ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.

Kí ìbálé nígbà náà dúró ní àyè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìyìn fún ẹni tí ó fi tọkàntọkàn pa ara rẹ̀ mọ́. Kí a má ṣe sọ ọ́ di okùn tí à ń fi na ọmọ ọlọ́mọ. Ìwà mímọ́ ni kí ìyá àti bàbá fi kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin papọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà àti òfin kan náà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ilé kò bá mọ́, kí ni ọkọ tàbí ìyàwó fẹ́ bá níbẹ̀?