Owó Ti Wọ Inú Fóònù, Ará Oko Ńkọ́?

Kò sí irọ́ níbẹ̀, fóònù GSM tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001 ti sọ ẹrù kalẹ̀ lórí àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn. Láti Ọlọ́runṣògo títí dé àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo ní Bódìjà kò ní láti wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ mọ́. Ìpè kan ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú fóònù kọjá, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tójú rí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 2022, ni báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tí gbèdéke sún mọ́lé, báńkì ti gba owó àtijọ́ wọlé, tuntun kò sì kárí. Wọ́n ní kí oníkálukú máa fi fóònù sanwó. Ìmọ̀ràn náà lè rọrùn fún ará ìgboro, àmọ́ kí ni ìyá tó ru ẹ̀fọ́ wọ ọjà láti oko yóò ṣe, bí oníbàárà bá ní òun ti fowó ránṣẹ́, tí àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì kò sì dé? Ẹ̀fọ́ kì í dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá sì tọ oní-POS lọ, owó ló fi ń ra owó. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ló dá sí i lọ́jọ́ 3, oṣù kẹta, ọdún 2023, pé kí aráàlú ṣì máa ná owó àtijọ́.

Àwọn kan ń sọ pé àìní fóònù ńlá ló fa ìyà ará oko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì pàápàá lè fowó ránṣẹ́ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, béèyàn bá ti tẹ nọ́ńbà tí báńkì rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ lè ka èdè Òyìnbó tó sábà máa ń jáde lójú fóònù. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà yóò wá sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò tàbí oní-POS. Bí kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ẹni bá ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣé a tún lè pe owó náà ní tẹni?

A kò ní kí ìjọba má mú ìlànà ìgbàlódé wá o. Ohun tí a ń wí ni pé kí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti iná mànàmáná ṣáájú àṣẹ, kí àwọn báńkì fi èdè Yorùbá kún iṣẹ́ wọn, kí owó bébà sì máa wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Àgbẹ̀ ló ń bọ́ ìgboro; kò yẹ kí ìgboro máa ti ilẹ̀kùn ọjà mọ́ ọn.