Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Bí A Ti Ń Ka Ère

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Jámánì kó díẹ̀ lára àwọn ère Ìbíní padà wá sí Nàìjíríà. Àríyànjiyàn kò tíì tán nílẹ̀ láti ìgbà náà: ta ni yóò tọ́jú wọn, ibo ni a ó sì kó wọn sí? Ìbéèrè gidi nìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n a kì í sábà bèèrè èyí tó tẹ̀ lé e: bí àwọn ère náà bá délé tán, mélòó nínú wa ló lè kà wọ́n?

Kíkà ni mo wí, n kò ṣì í pè. Ère kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ìtóbi ohun tí a gbẹ́, ibi tí a gbé e sí, ibi tí ó kọjú sí, àlàfo tó wà láàárín ohun méjì, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà yóò kàn ní, "Ó dára," tàbí, "Kò jọ ènìyàn," yóò sì kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Olówè Ìsè, ògbóǹtagí agbẹ́gilére tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Art Institute of Chicago lónìí. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, ẹyẹ bà lé ṣóńṣó adé rẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìtẹ́ náà, ó sì ga ju ọba lọ fíìfíì.

Ẹni tí ó ń fi ojú kámẹ́rà wò ó yóò ní agbẹ́gilére kò mọ ìwọ̀n. Rárá o! Olorì àgbà ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Ẹyẹ orí adé sì ń tọ́ka sí agbára àwọn ìyá wa. Ọba ni ojú wa kọ́kọ́ bá, ṣùgbọ́n obìnrin ló fẹ̀yìn tì. Ìwọ̀n tí Olówè lò, ìwọ̀n ipò ni.

Ilẹ̀kùn ààfin kan náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1924. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Lára rẹ̀, àwọn aláàárù gbé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan, Ambrose, wá kí ọba. Ògògà jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí ìtẹ́ tirẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni Olówè fi igi sọ: àlejò ló ń bọ̀, onílé kò kúrò láyè rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ni èyí kan ẹni tí ebi ń pa. Ẹ wo pátákó ìpolongo ìbò tó wà ládùúgbò yín. Àwòrán ta ló tóbi jù? Àwòrán bàbá ìsàlẹ̀ wo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ igun òkè? Ta ni wọn kò fi síbẹ̀ rárá? Èdè kan náà ni pátákó náà ń sọ, àwa ló sì ń sọ ọ́ fún.

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ má fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà mọ sórí kí ọmọ máa ya ife àti àsíá. Kí wọ́n gbé àwòrán òpó Ìkẹ́rẹ́ síwájú rẹ̀, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyẹn. Ọmọ tó bá lè dáhùn wọn níwájú ère kò ní ṣòro fún láti dáhùn wọn níwájú olóṣèlú.