AKỌNI OBÌNRIN NI, TÀBÍ ẸRÙ ÈJÌKÁ?

Oríṣi fídíò kan wà tí ó ti di ọjà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti gbé dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbi gbogbo. Ìtàn inú rẹ̀ kì í yí padà. Obìnrin kan yóò jáde nínú aṣọ akọni. Wọn yóò sọ fún òǹwòran pé agbára rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, pé ó lè fi ọwọ́ lásán dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Kò ní pẹ́ tí ọ̀tá yóò fi oògùn tàbí ẹ̀tàn gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò dákú. Ọkùnrin kan yóò gbé e kọ́ èjìká, orí àti apá rẹ̀ yóò máa mì dirodiro lẹ́yìn ọkùnrin náà, kámẹ́rà yóò sì máa tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú sùúrù. Ibẹ̀ gan-an ni ọjà náà wà. Ìjà tí ó ṣáájú kò ju èèpo lọ. Gbígbé tí wọ́n gbé e bí àpò èlùbọ́ ni wọ́n ń tà.

Kò sí àní-àní pé àwọn tí ń ṣe é yóò pè é ní ìtàn akọni. Irọ́ ni. Ìtàn ìtẹ́mbẹ́lú ni, aṣọ akọni ni wọ́n fi bò ó lára. Wọ́n gbé obìnrin náà ga kí ìṣubú rẹ̀ lè dùn ún wò. Wọ́n fún un ní agbára kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

IBI TÍ ÀṢÀ NÁÀ TI ṢẸ̀

Àṣà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní ọdún 1914, sinimá alápá 20 kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Perils of Pauline gba ìgboro Amẹ́ríkà kan. Pearl White ni òṣèré rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin onígboyà ni Pauline inú eré náà, ṣùgbọ́n apá kan kò lè kọjá kí wọ́n má tì í sínú ewu tuntun. Àwọn onísinimá kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ tí wọn kò gbàgbé títí di òní: ewu obìnrin a máa pa owó wọlé.

Ní ọdún 1941, William Moulton Marston, ọ̀mọ̀wé nípa ìrònú ẹ̀dá, dá Wonder Woman sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn aláwòrán. Ọkùnrin yìí a máa sọ pé ó yẹ kí obìnrin máa ṣe àkóso ayé. Síbẹ̀, léraléra ni wọ́n ń ya akọni rẹ̀ pẹ̀lú okùn àti ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1943, Josette Frank, ọ̀kan nínú àwọn olùdámọ̀ràn ilé iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé náà, kọ lẹ́tà láti fi ẹ̀hónú hàn sí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ obìnrin nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí. Marston kò jáwọ́. Ó kú ní ọdún 1947, ṣùgbọ́n àṣà náà kò bá a kú.

Nínú ìwé Green Lantern ti ọdún 1994, akọni ọkùnrin kan dé ilé, ó sì bá òkú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tí ọ̀tá ká sínú firíìjì. Ní ọdún 1999, Gail Simone, tí òun fúnra rẹ̀ padà di òǹkọ̀wé irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kó orúkọ àwọn obìnrin inú ìwé akọni jọ: àwọn tí wọ́n pa, àwọn tí wọ́n sọ di aláàbọ̀ ara, àti àwọn tí wọ́n gba agbára lọ́wọ́ wọn. Orúkọ náà kò kéré. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àjèjì ni ó ń ta ko nǹkan yìí. Láti inú ilé ni igbe ti kọ́kọ́ jáde.

KÁMẸ́RÀ KÌ Í ṢE ALÁÌMỌ̀KAN

Gbígbé ènìyàn kọ́ èjìká kì í ṣe ohun búburú fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbàlà ni. Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ àwọn panápaná àti ọmọ ogun láti gbé ẹni tí ó farapa ni, kí ọwọ́ wọn kan lè ṣófo láti di àkàbà mú tàbí láti ṣí ilẹ̀kùn. Níbẹ̀, ẹ̀mí ẹni tí wọ́n gbé ni gbogbo ọkàn wà lé lórí; ibi tí wọn yóò gbé e kalẹ̀ sí ní àlàáfíà ni wọ́n ń sáré lọ.

Ẹ wo bí àwọn wọ̀nyí ti yí i padà. Nínú fídíò wọn, kò sí ẹni tí ń sáré. Wọn a rìn já yàrá, wọn a sì tún un rìn. Kámẹ́rà a yà á láti iwájú, a yà á láti ẹ̀yìn, a sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè wo ibi tí kò yẹ kí ó wò. Ojú obìnrin náà ńkọ́? Ó ti sọnù sí ẹ̀yìn ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ni ènìyàn fi ń mọ ènìyàn. Ojú ni ìrora àti ìbẹ̀rù ti ń hàn. Bí wọ́n bá ti gbé ojú kúrò nínú àwòrán, ara nìkan ni ó kù, ara tí kò lè sọ pé òun kò fẹ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó bá rí orí ọmọ tí ó wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yóò sáré tún un ṣe. Irú ojú wo wá ni ti ẹni tí ń sanwó kí orí obìnrin lè wọ́ fún ìran wíwò?

ARA KÌ Í ṢE ERÉ

Ìtàn lè jẹ́ àròsọ, ṣùgbọ́n ara òṣèré kì í ṣe àròsọ. Egungun èjìká ọkùnrin yóò tẹ ikùn rẹ̀, mímí yóò le. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa ya sí orí tí ó dorí kodò. Nítorí pé ó gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí ó dákú, kò lè di nǹkan mú, kò sì lè fi ọwọ́ dáàbò bo ọrùn ara rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó gbé e bá yọ̀, orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Universal ń ṣe Creature from the Black Lagoon, tí ó jáde ní ọdún 1954, Ben Chapman ni ó wọ aṣọ ẹranko omi náà. Kò ríran dáadáa nínú aṣọ yẹn. Bí ó ti gbé Julie Adams lọ́wọ́ la inú ihò àpáta kọjá, ó fi orí rẹ̀ gbá ògiri. Ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn, tí kò ṣaláìní owó àti òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1967, àwọn obìnrin tí ń ṣe ìṣe eléwu nínú sinimá Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ òṣèré SAG-AFTRA gbé ìlànà jáde lórí àwọn tí ń bójú tó iyì òṣèré nígbà tí wọ́n bá ń ya ìran tí ó kan ìhòòhò tàbí ìfarakanra.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bójú tó fídíò kéékèèké tí wọ́n ń yà nínú yàrá kan, pẹ̀lú kámẹ́rà kan, fún oníbàárà tí ó ti sanwó tí ó sì ti kọ ohun tí ó fẹ́ rí ránṣẹ́? Ìlànà ẹgbẹ́ wo ni yóò dé ibẹ̀?

ÀWÍJÀRE WỌN

Èkínní, wọ́n ní eré lásán ni. Bí ó bá jẹ́ eré lásán, kí ni ó dé tí wọ́n ń fi owó gidi rà á? Ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ di ohun tí ọkàn kò kọ̀ mọ́.

Èkejì, wọ́n ní obìnrin náà gbà, ó sì gba owó. Gbígbà tí ó gbà ń dáhùn ìbéèrè kan péré: bóyá wọ́n fi ipá mú un. Kò dáhùn ìbéèrè kejì: kí ni òǹrajà ń rà? Àìlèkọ̀ ni ó ń rà. Ẹ̀bi kò sì lè wà lọ́rùn ẹni tí wọ́n gbé nìkan. Nínú Al-Kùránì, Suratu-n-Nūr (24:30), ọkùnrin ni àṣẹ rírẹ ojú sílẹ̀ kọ́kọ́ kàn kí ó tó kan obìnrin.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ọ̀tá a máa mú akọni ọkùnrin náà. Òótọ́ ni. Nínú Goldfinger ti ọdún 1964, wọ́n de James Bond mọ́ tábìlì, iná tí ń gé irin sì ń bọ̀ wá bá a. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń wo ojú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ronú, ọgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni ó sì fi yọ. Ọkùnrin nínú ewu ṣì jẹ́ ẹni tí ń ronú. Obìnrin nínú fídíò wọ̀nyí ti di ẹrù.

OHUN TÍ Ó KÙ

Kí ọ̀dọ́ tí irú fídíò yìí bá dé ọwọ́ rẹ̀ má ṣe rà á, kí ó má sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹrù tí kò bá rí oníbàárà kì í pẹ́ kúrò lọ́jà. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n bá àwọn àbúrò wọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní gbangba, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ilé ni ó ń fi fóònù ṣe olùkọ́. Kí wọ́n kọ́ wọn láti bi fídíò yòówù ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ojú obìnrin yìí hàn, tàbí ara rẹ̀ nìkan?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ìtàn akọni obìnrin kò ṣẹ̀. Kí ó ṣá béèrè èyí tí obìnrin náà ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nígbà tí ìtàn bá parí.